Ojú Kan tí Ọ̀nì Fi Pamọ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò já gbì, kò já gbàù. Ó rọra bọ́ bí òwú ti ń bọ́ láti inú èso rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó gbé e, ó sì gbé e bà lé Ọ̀nì lórí, Ọ̀nì ìyá ẹlẹ́yin, ọmọ odò tí ń rìn nílẹ̀.

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú. Ẹni tí ó bá ní ohùn kí ó tún un ṣe, nítorí pé àlọ́ tí kò ní ègbè dà bí aṣọ tí kò ní etí.

Ní àkókò tí mo ń sọ yìí, ara Ọ̀nì ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ara ẹja àrọ̀. Kò sí kókó kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ìrù gígùn. Ìdí rẹ̀ tóbi rìbìtì bí ìdí odó. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ máa tó dákẹ́.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá Ọ̀nì. Ní ọdún tí ó ṣáájú, Ọ̀nì yé ẹyin rẹ̀ sí etí odò, ó fi iyanrìn bò ó, ó sì ń ṣọ́ ọ. Ọyẹ́ dé. Ewé gbẹ, ètè gbẹ, iyanrìn sì tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ kànga. Nígbà tí Ọ̀nì wú ẹyin náà jáde, ó gbé etí lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún gbé etí lé wọn. Kò sí ọ̀kan tí ó mira.

Nísinsìnyí, Ọ̀nì ti tún yé òmíràn. Ìtẹ́ tuntun náà fẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, oṣù ọyẹ́ sì ti ń sún mọ́lé. Ohun kan ṣoṣo ni Ọ̀nì ń wá láyé: ohun tí yóò fẹ̀ tó láti bo ẹyin rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń kọjá lábẹ́ igi ọ̀dán ni ó bá pàdé Àkeekèé. Ẹ mọ Àkeekèé. Ẹni tí gbogbo ayé ń yà fún lọ́nà, tí ó gbé ìrù sókè bí ẹni tí ó gbé ìbéèrè lọ́wọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tò bí àgbàdo lára ṣírí, nítorí pé ẹ̀yìn ni ìyá wọn fi ń pọ̀n wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọmọ ni Ọ̀nì ń wò. Ohun tí ó bò wọ́n ni ó ń wò.

Ọ̀nì ti rí aṣọ òfì rí lára àwọn ènìyàn tí ń wá pọn omi. Nínú aṣọ òfì, òwú kan dúró, òwú kan dùbúlẹ̀, wọ́n sì ń kọjá lára ara wọn. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú kan ṣoṣo ni ó ń di ọwọ́ ara rẹ̀ mú, tí ó ń di ọwọ́ ara rẹ̀ mú, títí ó fi di aṣọ. Òwú funfun tẹ́ nísàlẹ̀ bí iyanrìn abẹ́ omi. Òwú tí a rẹ sínú aró ẹlú sì ń yọ lókè rẹ̀, kókó, kókó, kókó, bí orí ẹja tí ń yọ lójú odò nígbà tí òjò bá ń kùn. Bí o bá fi ọwọ́ pa á, ọwọ́ yóò mọ ọ̀nà tí ojú kò rí.

Ẹnu Ọ̀nì là. Kò rántí pa á dé. Títí di òní, bí ó bá sùn sí etí odò, ẹ ó rí i tí ó la ẹnu bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Àkeekèé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fi bo ọmọ?"

"Kúbùsù ni."

"Ta ni ó hun ún fún yín?"

"Ìrù mi ni."

"Ìrù tí ẹ fi ń ta ènìyàn?"

"Mélòó ni ìrù tí o rí lára mi?" Àkeekèé dá a lóhùn. "Gọ́gọ́ ni Ẹlẹ́dàá fi sí mi nídìí, irú gọ́gọ́ tí a fi ń já ọsàn. Ẹni tí ó bá gbé ìbínú wá bá mi, mo fi ta á. Ẹni tí ó bá gbé òwú wá bá mi, mo fi hun aṣọ fún un. Èwo ni ìwọ gbé wá?"

"Ìyá, ọwọ́ òfìfo ni mo gbé wá. Ẹ kọ́ mi."

Àkeekèé mú òwú funfun díẹ̀. Ó so ó ní ojóbó, ó ti gọ́gọ́ rẹ̀ bọ inú ojóbó náà, ó fa òwú yọ. Ojóbó mìíràn dé. Ó tún ti gọ́gọ́ bọ̀ ọ́, ó tún fa òwú yọ. Ojóbó ń bí ojóbó, títí ó fi di ẹ̀wọ̀n gígùn. Nígbà náà ni ó yí padà, ó sì ń hun lórí ẹ̀wọ̀n náà, ìlà lórí ìlà. Ọ̀nì kò mí. Lójú rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ihò ni ìyá yìí ń so pọ̀, tí ihò sì ń di ohun tí ó lè gba òtútù dúró.

Ìròyìn náà tàn dé ibi gbogbo. Àwọn ẹranko sọ pé àwọn yóò kọ́ iṣẹ́. Wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní òwú láti inú oko ìlú, funfun àti ẹlú, èyí tí yóò tó aṣọ méjì, bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ti tóbi tó. Àṣà iṣẹ́ ni pé àkọ́ṣe ọwọ́ kì í ṣe ti ẹni. Ti ọ̀gá ni. Aṣọ kejì ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí gọ́gọ́ ọ̀gá tí ó ga lókè orí wọn, Ehoro rántí pé òun ní àlejò nílé, Ọ̀kẹ́rẹ́ rántí pé òun gbé ẹ̀pà síná. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi pa rọ́rọ́, Ọ̀nì àti Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ni ó kù lábẹ́ igi ọ̀dán. Wọ́n gbẹ́ gọ́gọ́ kékeré láti ara igi, wọ́n sì jókòó ti ọ̀gá.

Àkeekèé sọ fún wọn pé: "Ihò tí ẹ rí yìí, ojú ni à ń pè é. Aṣọ yìí kò ní ohun mìíràn ju ojú lọ. Bí ẹ bá dé òpin ìlà, ẹ fi ojóbó kan dìde díẹ̀ kí ẹ tó yí padà, bí ọmọlúàbí ti ń dìde kí ó tó jáde níwájú àgbà. Nínú ojú tí ó kẹ́yìn ni òwú funfun ti ń kí òwú ẹlú káàbọ̀. Ẹ má fo ojú náà. Iye ojú tí ẹ mú wọlé ni kí ẹ mú jáde."

Ó sì fi orin kọ́ wọn, kí ó má baà bọ́ lórí wọn. Ẹ gbè é:

Gọ́gọ́ wọlé, gọ́gọ́ jáde,
*Fà á yọ!*
Ojú kan kò ju ojú kan,
*Fà á yọ!*
Iye ojú tí mo mú wọlé,
*Fà á yọ!*
Òun náà ni n ó mú jáde,
*Fà á yọ, má ṣẹ́ kan kù!*

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ń hun, ó ń mí, ikùn rẹ̀ ń wú. Bí ó bá hun ojú kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá hun òmíràn, ó padà lọ kí èyí àkọ́kọ́.

Ọ̀nì wò ó, ó ní: "Ọ̀pọ̀lọ́, ṣé híhun ni ò ń hun aṣọ yìí ni, tàbí ò ń bí i?"

Ọ̀pọ̀lọ́ ní: "Ẹ̀gbọ́n, bí ó bá jẹ́ pé bíbí ni mò ń bí i, ẹ jẹ́ kí ó pé oṣù."

Ọ̀nì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí lórí ẹ̀rín. Ọkàn rẹ̀ wà ní etí odò. Ó ń wo òwú tí wọ́n fún un, ó ń fi ojú inú wọn ìtẹ́ rẹ̀. Ó rí i pé aṣọ tí ó tọ́ sí òun kò ní fẹ̀ tó. Ẹyin tí ó wà ní etí ìtẹ́ yóò wà ní ìta, ọyẹ́ yóò sì mú wọn. Báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Aṣọ ọ̀gá yìí, ta ni yóò tẹ́ ẹ wọ̀n? Bí mo bá fo ojú tí ó kẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, ojú kan péré, òwú yóò ṣẹ́ kù fún mi. Ọmọ Àkeekèé kéré. Ọmọ tèmi ni yóò kú."

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà níbí, ẹ má ṣe dá a lẹ́jọ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀.

Ọ̀nì fo ojú kan. Ó wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń hun tirẹ̀ lọ. Ó hun ìlà kejì, ó tún fo ojú kan, aṣọ náà sì ń fún lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé orin náà ń di òun lọ́wọ́, tí ó ń dé ìparí ìlà tí ó sì ń bi òun léèrè, ó yí orin padà sábẹ́ ahọ́n:

Gọ́gọ́ wọlé, gọ́gọ́ jáde,
*Fà á yọ!*
Iye ojú tí mo mú wọlé,
*Fà á yọ!*
Mo fi ọ̀kan pamọ́ sẹ́yìn,
*Fà á yọ!*
Ọ̀kan ṣẹ́ kù, ó di tèmi,
*Fà á yọ, ó di tèmi!*

Ọ̀pọ̀lọ́ gbé orí sókè. "Ẹ̀gbọ́n Ọ̀nì, orin yín kò bá tèmi mu níparí."

"Ohùn odò ni tèmi, ohùn àbàtà ni tìrẹ. Máa bá ìrọbí rẹ lọ."

Ọjọ́ iṣẹ́ pé. Ọ̀pọ̀lọ́ tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọ̀gá. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wo ara wọn. Ọ̀nì ní tirẹ̀ ká aṣọ rẹ̀ jọ, ó fi ibi tí ó fẹ̀ wé ibi tí ó fún, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Àkeekèé. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Àgbà kì í tú ẹrù ọrẹ wò lójú ẹni tí ó gbé e wá.

Àkeekèé gbà á. Ó gbé e sókè díẹ̀.

"Ó fúyẹ́," ni ó wí.

"Ìyá, òwú tèmi ni kò wúwo."

Àkeekèé gbé ìrù rẹ̀ lé Ọ̀nì lórí jẹ́jẹ́, ó sì ṣe àdúrà ìdásílẹ̀ tí gbogbo ọ̀gá ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn: "Bí ọwọ́ rẹ ti ṣe fún mi, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ó máa ṣe fún ọ."

"Àṣẹ!" ni Ọ̀nì kígbe. Ó kígbe rẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ewé ọ̀dán fi jábọ́. Ṣé ẹ gbọ́ àdúrà tí Ọ̀nì ṣe àṣẹ sí? Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á máa lọ.

Ọ̀nì sáré dé etí odò. Ó hun ẹ̀wọ̀n ojóbó tí ó gùn tó ìtẹ́ láti etí dé etí. Ó ní: "Èyí, ti àwọn ọmọ mi ni. N kò ní fo ojú kankan." Ó jókòó, ó kọjú sí ẹyin rẹ̀, gọ́gọ́ ń wọlé, gọ́gọ́ ń jáde. Ó ń ronú nípa ọjọ́ tí iyanrìn yóò ṣí. Ọwọ́ rẹ̀ ń dá ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ń dá kọrin. Nígbà tí òwú fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó dìde, ó tẹ́ aṣọ náà lé ìtẹ́.

Yéè!

Lókè, aṣọ náà fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ààfin. Láàárín, ó fún bí ẹnu ọ̀nà ilé. Nísàlẹ̀, kò ju ìrù eku lọ. Ẹyin tí ó wà ní ìhà ìsàlẹ̀ ń wo ojú ọ̀run.

Ọ̀nì tú u. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ka ojú, ó ń pariwo bó ti ń kà wọ́n, ṣùgbọ́n orin a wọlé, kíkà a bọ́ lórí rẹ̀, ọwọ́ a sì ṣe ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ìrù eku ni. Ó tún tú u. Òwú ti ń hu irun. Ó ní òun kò ní kọrin rárá. Ó di ẹnu pọ̀ bí ẹni tí ó gbé omi sẹ́nu, ó sì hun dé ìlà kan, ó dé òpin rẹ̀, ó tẹ́tí. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń kọ orin náà.

*Ọ̀kan ṣẹ́ kù, ó di tèmi.*
*Fà á yọ, ó di tèmi!*

Ẹ̀rù ba Ọ̀nì. Ó hun aṣọ náà parí bí ó ti rí, ó ká a jọ, ó sì wọ́ dé abẹ́ igi ọ̀dán. Ó dojú bolẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbà mí. Ọwọ́ mi ń jalè."

"Ta ni ó ń jà lólè?"

"Èmi ni. Ọwọ́ mi ń ja èmi fúnra mi lólè."

Àkeekèé ṣí àkọ́ṣe Ọ̀nì payá. Àwọn ọmọ Àkeekèé fún ara wọn pọ̀ sí ibi tí ó fẹ̀; àwọn tí kò rí àyè ń gbọ̀n ní ibi tí ó fún. Ọ̀nì rí wọn. Kò lè wò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọjọ́ tí mo gbé e ni mo ti mọ̀," ni Àkeekèé wí.

"Kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí?"

"Ojú kan lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Mo rò pé ọwọ́ rẹ ni ó ṣì í. N kò mọ̀ pé ìwọ ni o kọ́ ọwọ́ rẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nì, ọwọ́ kò mọ aṣọ ọ̀gá yàtọ̀ sí aṣọ ara rẹ̀. Ohun tí o bá fi kọ́ ọ ni ó mọ̀."

"Ẹ tún mi kọ́, Ìyá."

"N ó tún ọ kọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí ń bọ̀."

Wọ́n tẹ́tí. Ewé ọ̀dán ń ha ara wọn pẹ̀lú ohùn gbígbẹ. Ojú ọ̀run ti funfun bí eérú. Ọyẹ́ ti dé.

Ọ̀pọ̀lọ́ fò jáde láti ẹ̀yìn igi, ó gbé aṣọ tirẹ̀ dání, aṣọ tí ó hun fún ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba èyí. Mo mọ̀ pé kò lè bò ju ẹyin kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin kan náà, ọmọ ni."

Ọ̀nì fi ọwọ́ méjèèjì gba aṣọ náà.

Àkeekèé ń wo aṣọ gọ́gọ́rọ́ tí Ọ̀nì gbé wá. Ó ní: "Aṣọ yìí kò fẹ̀ tó ìtẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa. Ta ni ó bá mu?"

Ọ̀nì wò ó. Ibi tí ó fẹ̀ fẹ̀ tó èjìká rẹ̀. Ibi tí ó fún ń lọ, ó ń lọ. Ó ní: "Ìyá, ìdí mi kò lè wọ ibẹ̀."

"Ọmọ rẹ ń kọ́?"

Nígbà tí wọ́n dé etí odò, Ọ̀nì gbé aṣọ náà wọ̀, kókó ẹlú sí ẹ̀yìn, funfun sí ikùn. Ó fún ìdí rẹ̀, ìdí tí ó rí bí odó, ó fún un wọ inú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà, egungun ń ké, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àkeekèé fi gọ́gọ́ rẹ̀ so etí aṣọ pọ̀ lábẹ́ ikùn. Ọ̀pọ̀lọ́ fi aṣọ tirẹ̀ bo ẹyin kan tí ó wà ní igun pátápátá. Ọ̀nì sì fi gbogbo ara rẹ̀ ká ìtẹ́ náà mọ́, nítorí pé nísinsìnyí ó ti gùn tó láti ká a.

Ọyẹ́ fẹ́. Mo ní ọyẹ́ fẹ́! Ó fẹ́ tí ẹja kò yọ orí. Ó fẹ́ tí òkè òdìkejì odò fi pòórá. Ìrì a rin aṣọ náà ní òwúrọ̀, oòrùn a gbẹ ẹ́ ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ a sì mú un le ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nì kò lọ jẹun. Kò lọ mumi, bẹ́ẹ̀ ni omi wà níwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tí kò níṣẹ́ ń kọrin nínú iyanrìn, Ọ̀nì sì ń tún un kọ́, ojú kan lẹ́yìn ojú kan: *òun náà ni n ó mú jáde, òun náà ni n ó mú jáde.*

Nígbà tí ọyẹ́ kọjá, Àkeekèé wá láti tú aṣọ náà. Ó wá ìdí òwú lábẹ́ ikùn Ọ̀nì, kò rí i. Ó wá a lọ́rùn, ó wá a dé ìpẹ̀kun ìrù. Kò sí ìdí òwú mọ́. Aṣọ ti di awọ. Kókó ti le bí èkùrọ́. Ọ̀gá iṣẹ́ sún sẹ́yìn, ó sì sọ ìrù rẹ̀ kalẹ̀, ohun tí kò ṣe fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ. Lábẹ́ iyanrìn. Ohùn kín-ín-kín-ín.

Ọ̀nì wú iyanrìn. Ẹyin kan là, òmíràn là, gbogbo wọn là, àti èyí tí aṣọ Ọ̀pọ̀lọ́ bò. Àwọn ọmọ jáde. Ẹ wá wo nǹkan! Olúkúlùkù wọn ti wọ aṣọ jáde láti inú ẹyin: kókó lẹ́yìn, funfun níkùn, tí ó fẹ̀ léjìká tí ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ dé ìrù. Àkeekèé gbé ọ̀kan. Ó ka kókó rẹ̀ láti ìlà dé ìlà. Ó tún un kà. Kò sí ojú kan tí ó fò.

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ta ni ó gbé gọ́gọ́ wọ inú ẹyin?"

Ọ̀pọ̀lọ́ kò mọ̀. Ọ̀nì kò mọ̀. Èmi tí mò ń pàlọ́, n kò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ara ọ̀nì ti rí bí ó ti rí. Nígbà tí Ehoro àti Ọ̀kẹ́rẹ́ wá wo ìrù tuntun náà, ojú ti Ọ̀nì, ó wọ inú odò lọ. Ó ri gbogbo ara rẹ̀ sómi, ojú nìkan ni ó ṣẹ́ kù lókè. Bí ẹ bá dé etí odò ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ rí ojú méjì tí kò ṣẹ́jú, ẹ má pariwo. Ó ń ka ojú. Ọ̀pọ̀lọ́ sì wà létí àbàtà, tí ó ń gbè é fún un:

Iye ojú tí mo mú wọlé,
*Fà á yọ!*
Òun náà ni n ó mú jáde,
*Fà á yọ, má ṣẹ́ kan kù!*

Ibí ni mo ti so ìdí òwú àlọ́ mi, mo sì fi gọ́gọ́ fà á le. Bí mo bá fo ojú kan nínú rẹ̀, kí àlọ́ mi fún lọ bí ìrù ọ̀nì. Bí n kò bá fo ojú kankan, kí ó tẹ́ gbẹrẹgẹdẹ, kí ó sì bo gbogbo wa títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.